Orin Tí Kò Kúrò ní Odomẹta

Nígbà tí Reine pè é lórí fóònù, àtàsí, ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà, ni Ràódátù ń jẹ lọ́wọ́ níwájú bùró, ọ́fíìsì wọn, ní Kétu, ó sì kọ́kọ́ rò pé ọmọbìnrin náà ń bá òun ṣeré ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ sọ pé ẹ ti yí orin yẹn padà?"

"Orin wo?"

"Orin Fidèle."

"A ti yí i padà kẹ̀. Ọjọ́ tí Baba Babalọlá kọ tuntun la ti gbé ti àtijọ́ kúrò."

"Ó dáa. Ẹ fetí sí èyí."

Reine gbé fóònù ìyá rẹ̀ sún mọ́ tirẹ̀. Ràódátù gbọ́ ohùn Babalọlá, ohùn àgbà tó ti ha díẹ̀, tí kò sí ọmọ Kétu tí kò mọ̀ ọ́n:

*Ẹ wá wo ọ̀fun tó fẹ̀ ju ẹnu kànga lọ,*
*Fidèle ará Adakplamẹ!*
*Ó mu omi, kò yó; ó gbé korobá mì, kò yó,*
*Ó wá gbé pọ́ǹpù tó ń fa omi mì pátápátá.*

Ràódátù gbé ṣíbí sílẹ̀. "Níbo lo ti rí ìyẹn?"

"Níbí, ní Odomẹta. Nínú àpótí yín tó wà nílé ìlọgbàdo Lábọ̀dé. Àná tí mo wà ní Kétu, mo tẹ orúkọ orin náà, orin ẹ̀bẹ̀ ló jáde. Mo délé, mo tẹ orúkọ kan náà, èébú ló jáde. Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń ṣe èyí sí wa?"

Oúnjẹ ọwọ́ Ràódátù tutù, kò jẹ ẹ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ Fidèle ti dun gbogbo ẹni tó mọ ìdí rẹ̀. Òun ni ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ Adakplamẹ fi ṣọ́ ọgbà tòmátì àti ata tí wọ́n jọ ń dá. Ọgbà náà ní kànga jíjìn kan, kànga náà sì ní pọ́ǹpù tó ń fi agbára oòrùn fa omi. Ní àárín ọ̀gbẹlẹ̀, ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kan, pọ́ǹpù kò sí nídìí kànga mọ́. Ọwọ́ Fidèle ni kọ́kọ́rọ́ ọgbà wà. Wọ́n bi í, ó ní òun kò mọ̀. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Alága ẹgbẹ́ tí ì bá là wọ́n lóye, àrùn rọpárọsẹ̀ ti gbé e ṣubú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ọsibítù ní Kútọnu, ahọ́n rẹ̀ kò sì yí mọ́. Nígbà tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdún náà dé, Babalọlá, àgbà ẹlẹ́fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, fi Fidèle kọrin. Ẹni tí ẹlẹ́fẹ̀ bá sì fi kọrin ní ilẹ̀ Kétu, kó yáa lọ fara pa mọ́. Àwọn ọmọdé á máa kọ ọ́ tẹ̀lé e lọ sódò, àwọn ìyàwó ilé á máa kọ ọ́ sídìí odó.

Ìgbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ ti kọjá ni alága rí ọ̀rọ̀ sọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fi kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ wọ ọgbà, tó tú pọ́ǹpù náà ní àfẹ̀mọ́júmọ́, tó fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó ń tún irú rẹ̀ ṣe ní Pobẹ. Àìsàn kì í kúkú dúró gbọ́ àlàyé. Ó kọlù ú kó tó délé sọ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n lọ sí Pobẹ, wọ́n bá pọ́ǹpù, wọ́n gbé e padà. Babalọlá kò dúró de Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mìíràn. Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí bùró Ràódátù, ó ní kí wọ́n gba ohùn òun sílẹ̀, ó sì kọ orin ẹ̀bẹ̀:

*Mo ta ọfà nínú òkùnkùn, ará ilé ni mo ta.*
*Pọ́ǹpù kò sọnù, àtúnṣe ló bá lọ.*
*Fidèle, dákun, fọwọ́ wọ́nú,*
*Ẹnu tó bú ọ ló ń bẹ̀ ọ́ yìí.*

Ṣùgbọ́n Fidèle ti ń fẹ́ Reine, ọmọ Odomẹta. Crépin, bàbá Reine, ti sọ pé òun kò ní í fi ọmọ òun fún ẹni tó gbé pọ́ǹpù mì, ọjọ́ tí ẹnu Babalọlá bá yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni kí wọ́n padà wá. Ẹnu Babalọlá ti yọ ọ́. Gbogbo Kétu ti gbọ́, Adakplamẹ ti gbọ́. Odomẹta tí Crépin ń gbé nìkan ni wọ́n mọ̀ pé orin àtijọ́ kọ̀ tí kò kúrò.

Iṣẹ́ Ràódátù sì ni kí ohun tó bá jáde ní Kétu máa dé gbogbo ibi bó ṣe rí. Ẹgbẹ́ Ohùn Ilé, ẹgbẹ́ tó gbà á síṣẹ́, a máa gba orin, ìwàásù, ìtàn àgbà àti ìmọ̀ràn oko sílẹ̀ ní èdè Kétu, wọn a sì fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó wà ní bùró ló ń dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Ó tó wọn nígbà tí àwọn olùgbọ́ kò pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tuntun bá jáde, tí gbogbo abúlé àti àwọn ọmọ Kétu tó wà ní Kútọnu bá nawọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀nà á dí pa. Orin á máa já lẹ́nu, ènìyàn á máa ṣépè fún wọn.

Ọmọ Àjàṣẹ́ ni Ràódátù, ìyá rẹ̀ ń ta aṣọ. Láti kékeré ló ti rí i pé ìyá òun kì í jẹ́ kí ará Pobẹ tàbí ará Sákétẹ́ rìn wá sí Àjàṣẹ́ nítorí ìró kan ṣoṣo. Ó ní ẹni tó ń kó ìdì aṣọ sí lọ́dọ̀ ní ìlú kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n bá sì ń béèrè jù ló máa ń kó lọ jù. Bẹ́ẹ̀ ni Ràódátù ṣe to íńtánẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ náà. Ó gbé àpótí kékeré kan tí kò ju búrẹ́dì kan lọ sí abúlé kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá béèrè orin, àpótí á kọ́kọ́ wo inú ara rẹ̀. Bó bá ní i, á fún un lójú ẹsẹ̀, fọ́fẹ̀, owó dátà tó wà lórí fóònù onítọ̀hún, kò sì ní í jó. Bí kò bá ní i, á béèrè ní Kétu, á fún un, á sì fi ẹ̀dà kan pamọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀. Bí àkókò bá pé, àpótí á tún béèrè bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ òun ṣì ni ojúlówó. Bí Kétu bá ń lọ́ra, á bi àpótí aládùúgbò rẹ̀. Bí olùgbọ́ bá pọ̀ sí i, wọn á fi àpótí kún àpótí, kò tún sí wàhálà. Gwladys, ọ̀gá ẹgbẹ́, a máa fi iṣẹ́ yìí yangàn fún gbogbo àlejò.

Ilé ìlọgbàdo Lábọ̀dé ni wọ́n fi ti Odomẹta sí, nítorí pé òrùlé rẹ̀ ga, ó ní páńẹ́ẹ̀lì oòrùn tó dára, àwọn tó bá sì ń dúró de ìyẹ̀fun wọn á ní àyè láti gbọ́ nǹkan. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Lábọ̀dé. Ṣùgbọ́n ó ní àbúrò kan, Àlíù, tó ti dẹnu ìfẹ́ kọ Reine tẹ́lẹ̀ kí Fidèle tó dé, tí Reine sì sọ fún pé òun kò fẹ́. Bí kò bá nídìí, ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣẹ́. Ohun tó ń jà gùdù lọ́kàn Ràódátù nìyẹn bó ṣe ń fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Fidèle dé sí bùró. Kò jókòó.

"Madámù, mo wá bi yín léèrè. Kí ni mo fi ṣe yín?"

"Fidèle, jókòó ná."

"Ìdúró tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ ni àpótí, ẹ̀yin lẹ ń fi nǹkan sí i nínú. Bó bá ń sọ̀rọ̀ kan ní Kétu, tó ń sọ òmíràn ní Odomẹta, ṣé òun ló kọ́ ara rẹ̀?"

"Èmi kọ́ o."

"Ta wá ni?"

Ràódátù fẹ́ sọ pé òun kò mọ̀. Ó wá rántí pé ohun tí Fidèle pàápàá sọ nídìí kànga nìyẹn, tí kò sí ẹni tó gbà á gbọ́. Ó gbé e mì. "Màá wá ẹni náà rí," ló sọ.

Fidèle wò ó títí. Ojú tó fi wò ó, ojú ẹni tí wọ́n ti pè lólè rí ni, tí kò lè gbà mọ́ pé ohunkóhun ń ṣèèṣì ṣẹlẹ̀. Ó yí padà, ó jáde, kò dágbére.

Lọ́jọ́ kejì Ràódátù gun zẹ̀mí, ọ̀kadà akérò, lọ sí Odomẹta. Ẹ̀rọ ń pariwo, ìyẹ̀fun funfun ti bo irun ojú Lábọ̀dé. Ó pa ẹ̀rọ nígbà tó rí i.

"Ẹ káàbọ̀, Madámù. Ṣé kò sí?"

"Kò sí, Ẹ̀gbọ́n. Mo wá wo àpótí yìí ni."

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àárọ̀ yìí ni mo nu páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀."

Ràódátù tẹ orin náà lórí fóònù rẹ̀. *Ẹ wá wo ọ̀fun tó fẹ̀ ju ẹnu kànga lọ.* Obìnrin méjì tó ń dúró de àgbàdo wọn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì gbè é. Ràódátù wo ojú Lábọ̀dé. Kò rí ohunkóhun níbẹ̀, ìyẹn gan-an ló sì jẹ́ kó fura sí i.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń fọwọ́ kan àpótí yìí yàtọ̀ sí yín?"

"Kò sí o. Èmi nìkan ni mo ní kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn."

"Àlíù ńkọ́?"

Lábọ̀dé nu ọwọ́ rẹ̀ sára ṣòkòtò. "Àlíù wà lóko òwú. Kí ni Àlíù fẹ́ fi àpótí ṣe?"

Ràódátù so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ àpótí, ó gbá gbogbo inú rẹ̀ mọ́, kò ku orin kan. Lẹ́yìn náà ó tún tẹ orúkọ orin náà. Ó dúró díẹ̀. Ohùn Babalọlá jáde: *Mo ta ọfà nínú òkùnkùn.* Orin ẹ̀bẹ̀ ni, ó dé tààrà láti Kétu. Àwọn obìnrin méjèèjì wo ara wọn.

"Orin wo tún nìyí?" ni ọ̀kan béèrè.

"Òun ni òtítọ́," ni Ràódátù sọ. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára Lábọ̀dé. "Tí ẹnikẹ́ni kò bá tún fọwọ́ kàn án, òun náà ni ẹ ó máa gbọ́."

Lábọ̀dé gbọ́ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ariwo gba gbogbo ilé.

Ọ̀sẹ̀ kò tíì yí po tí Reine tún pè. Ó kàn gbé fóònù sún mọ́ ohùn náà, Ràódátù sì gbọ́ Fidèle tó ń gbé korobá mì.

Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbá àpótí mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́ orin tuntun níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Orin tí a ti gbá dànù kò lè fẹsẹ̀ rìn padà. Ọwọ́ ènìyàn ló dá a padà. Ẹni tó tún lè wọ inú àpótí láti òkèèrè kò ju Gwladys lọ, Ràódátù sì bá ara rẹ̀ tó ń wo Gwladys láti ẹ̀yìn tábìlì, tó ń ronú ibi tí ẹbí Gwladys ti wá, bóyá wọ́n bá Àlíù tan.

"Kí lo ń wò mí bẹ́ẹ̀ sí?" ni Gwladys bi í.

"Kò sí nǹkan, ọ̀gá."

Ojú tì í. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò pa ìfura, ńṣe ló kó gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Lábọ̀dé.

Ọjọ́ ọjà Odomẹta ló tún débẹ̀. Ó yẹ kó mọ̀ pé ọjọ́ ọjà kọ́ ni ènìyàn ń lọ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ìlà àwọn tó gbé àgbàdo wá gùn dé ẹ̀yìn igi máńgòrò. Ó kọjá láàárín wọn, ó wọ yàrá, ó tú okùn àpótí, ó gbé e sínú àpò rẹ̀.

Lábọ̀dé pa ẹ̀rọ.

"Madámù, kí lẹ ń ṣe?"

"Mò ń gbé e lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í bà á jẹ́, Ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé ẹ ti rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀ ni?"

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi yín. Mo ní ṣé ẹ rí ọwọ́ mi nínú rẹ̀."

Ràódátù di ẹnu àpò náà. Moutiatou, ìyàwó Lábọ̀dé, tó ń wọn ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbé igbá sílẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ kó gbé e. A ti bá wọn nu ún, a ti bá wọn ṣọ́ ọ. Kó gbé e máa lọ. Olè ni wá."

Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀ nínú ìlà náà. "Áà, Lábọ̀dé ni!" "Nítorí àbúrò rẹ̀ ni." "Èmi ti ń fura tipẹ́." Kí Ràódátù tó gun zẹ̀mí, ẹnì kan tí kò rí ojú rẹ̀ ti fi orúkọ Lábọ̀dé rọ́pò ti Fidèle nínú orin náà, ó ń kọ ọ́ jẹ́jẹ́, àwọn kan sì ń rẹ́rìn-ín. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ó ní kí onízẹ̀mí máa lọ.

Ó ní iṣẹ́ díẹ̀ ní Okpomẹta, níbi tí àpótí mìíràn wà nílé ìwòsàn kékeré tí nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Marguerite ń bójú tó. Kò sí ẹni tó ráhùn láti Okpomẹta rí, nítorí náà kò yẹ àpótí ibẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́. Ebi ń pa á. Ó dúró lọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń dín àkàrà létí títì, ó ní kó di díẹ̀ fún òun. Fóònù obìnrin náà wà lórí àpótí ìjókòó, ó ń kọrin.

*Fidèle ará Adakplamẹ! Ó mu omi, kò yó.*

Àkàrà jábọ́ lọ́wọ́ Ràódátù.

"Ìyá, níbo lẹ ti rí orin yìí?"

"Nílé ìwòsàn ni, níbi tí gbogbo wa ti ń rí i. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ. Ó dùn jọjọ." Obìnrin náà yí àkàrà padà nínú epo. "Jọ̀ọ́, ta tiẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Fidèle yẹn?"

Ràódátù yára lọ sí ilé ìwòsàn. Ìfura tún ti dìde, ó ń wá ẹni tí yóò gùn. Ó bá Marguerite níbi tó ti ń fọ abẹ́rẹ́ àti ọ̀bẹ, kò sì kí i tán tó fi bi í:

"Ṣé ẹ mọ Lábọ̀dé, ará Odomẹta?"

"Lábọ̀dé wo? Ọmọ Gléhúè ni mí, wọ́n kàn gbé mi wá síbí ni. N kò mọ ẹnì kankan ní Odomẹta."

"Àlíù ńkọ́?"

"Madámù, ṣé ara yín le?"

Ràódátù jókòó. Obìnrin yìí kò purọ́. Lábọ̀dé kò ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwòsàn Okpomẹta. Ní Okpomẹta, kò sí ẹni tí Fidèle jẹ́ nǹkan kan fún. Ta ló máa fi orin pamọ́ níbi tí kò sí ẹni tí yóò dùn? Bóyá àwọn àpótí fúnra wọn ló ń fún ara wọn.

Ó bẹ Marguerite pé kó fún òun ní tábìlì. Ó gbé àpótí Odomẹta jáde láti inú àpò, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Okpomẹta, ó fi okùn so wọ́n pọ̀, ó sì tú okùn áńtẹ́nà tó ń lọ sí Kétu, kó lè dà bí ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo ayé ń gbọ́ orin, tí ọ̀nà Kétu ń dí. Ó gé àkókò ẹ̀dà orin náà kúrú nínú àwọn méjèèjì, kó lè tètè pé. Ó wá ń wo ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀.

Àkókò ẹ̀dà Odomẹta pé. Ó pe Kétu, kò gbọ́ ohùn. Ó bi Okpomẹta bóyá èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ojúlówó. Okpomẹta ní bẹ́ẹ̀ ni. Odomẹta bá fi àkókò tuntun fún orin àtijọ́. Kò pẹ́, ti Okpomẹta náà pé. Ó bi Odomẹta. Odomẹta ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ṣe é lójú rẹ̀ títí ó fi sú u. Ẹlẹ́rìí méjì ń búra fún ara wọn, kò sí èyí tó lọ bi ẹni tó ni ọ̀rọ̀.

Ọjọ́ tó gbá àpótí Lábọ̀dé mọ́, ọ̀sán ni, ọ̀nà Kétu là, orin tuntun sì wọlé. Nígbà tí àkókò rẹ̀ pé, ìrọ̀lẹ́ ni. Odomẹta bi Okpomẹta, Okpomẹta sì fi èyí tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, nítorí Ràódátù kò kọ́ wọn láti máa béèrè èwo ni wọ́n gbà sílẹ̀ kẹ́yìn. Ìyára ló ń wá. Kí orin má ṣe já lẹ́nu, kí ẹnikẹ́ni má ṣépè. Kò sí ọwọ́ ènìyàn kankan nínú rẹ̀ àfi ọwọ́ tirẹ̀.

"Ṣé ó ti yé yín?" ni Marguerite béèrè.

"Ó ti yé mi," ni Ràódátù sọ. "Ì bá ti yé mi kí n tó dé Odomẹta láàárọ̀."

Kò lọ sí Kétu. Ó padà gba ọ̀nà tó gbà wá, eruku pupa ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọjà kò tíì tú. Ó dúró níwájú ilé ìlọgbàdo, ó pariwo ju ẹ̀rọ lọ títí Lábọ̀dé fi pa ẹ̀rọ náà. Ó sọ fún gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ pé òun ṣe àṣìṣe, pé iṣẹ́ òun ló ní àléébù, pé àpótí méjì ló ń tan ara wọn jẹ, pé Lábọ̀dé kò fọwọ́ kan nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ni Àlíù. Ó kúnlẹ̀ lórí ìyẹ̀fun tó fọ́n sílẹ̀.

Àwọn kan mi orí. Àwọn kan ń wò ó bí ẹni tí wọ́n ti fún ní nǹkan kó tó wá sọ ọ́. Obìnrin kan tiẹ̀ sọ ọ́ síta: "Láàárọ̀ ó ní olè ni, nírọ̀lẹ́ ó ní olè kọ́. Èwo ni ká gbà?"

Lábọ̀dé kò gbé e dìde, kò sì lé e. "Iwájú èrò lẹ ti mú orúkọ mi," ló sọ, "iwájú èrò lẹ sì dá a padà. Ẹ ṣeun. Ó ku àwọn tó ti gbọ́ ti àárọ̀ tí wọ́n sì ti bá ọ̀nà oko lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, màá gbé àpótí yín padà wá lọ́la."

"Ẹ wá ibòmíràn fún un." Ó sì tẹ ẹ̀rọ rẹ̀.

Ilé ìwé ni wọ́n gbé àpótí náà sí níkẹyìn. Ràódátù tún gbogbo ètò tò. Ó gé okùn tó so àpótí pọ̀ mọ́ àpótí. Olúkúlùkù ní láti máa bi Kétu fúnra rẹ̀, bí Kétu bá tilẹ̀ pẹ́, kó dúró. Bí nǹkan kan bá sì ti yí padà ní Kétu, kíákíá ni Kétu á ránṣẹ́ sí gbogbo wọn pé kí wọ́n sọ ti ọwọ́ wọn nù. Orin tún ń já lẹ́nu nígbà mìíràn nírọ̀lẹ́. Gwladys ráhùn, àwọn olùgbọ́ ráhùn, Ràódátù ní kí wọ́n ṣe sùúrù fún òun, òun ń wá ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wo ló lè gbá inú fóònù ọlọ́fóònù mọ́? Orin àtijọ́ ti wà nínú káàdì àwọn ènìyàn káàkiri Odomẹta, ó sì wà lórí ahọ́n wọn. Crépin sọ pé ohun tí òun ń gbọ́ lójú ọ̀nà ni òun mọ̀. Ràódátù lọ bá Babalọlá, ó sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá náà ronú, ó ní kí wọ́n wá onízẹ̀mí tí kì í sáré fún òun. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló dé àgbàlá Crépin, kò sí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lórí rẹ̀, kò sí ìlù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó mu omi, ó sì kọ orin ẹ̀bẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lójú Fidèle, lójú Reine, lójú gbogbo ẹni tó sá wọ àgbàlá. Nígbà tó parí, Crépin ní kí àwọn ará Adakplamẹ wá lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, kí àwọn jọ sọ̀rọ̀. Reine wọ ilé lọ, wọ́n gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti inú yàrá. Fidèle dúró sójú kan. Títí di òní, bó bá ti dé abúlé kan, ohun àkọ́kọ́ tó ń ṣe ni kó tẹ orin náà lórí fóònù kó lè mọ èyí tí yóò jáde. Kò sí ohun tí Ràódátù lè sọ tí yóò mú un dẹ́kun.

Bí wọ́n ṣe ń jáde ní àgbàlá, Ràódátù bẹ Babalọlá pé kó kọ ẹsẹ̀ kan fún Lábọ̀dé pẹ̀lú.

"Rárá o," ni bàbá náà sọ. "Èmi kọ́ ni mo bú u. Ẹni tó bú ni í bẹ̀."

Nítorí náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọjọ́ ọjà tí Ràódátù kì í gbé àgbàdo láti Kétu lọ lọ̀ ní Odomẹta. Ẹ̀rọ ìlọgbàdo pọ̀ ní Kétu, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A máa dúró sí ìlà. Moutiatou a máa wọn àgbàdo rẹ̀ láìwo ojú rẹ̀. Lábọ̀dé a lọ̀ ọ́, a gbé e fún un, ó parí.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan tó ti Ìmẹ̀kọ wá béèrè nínú ìlà pé, "Ṣé ilé Lábọ̀dé tó ń fi orin ba ènìyàn jẹ́ nìyí?"

Ràódátù jáde kúrò nínú ìlà.

"Irọ́ ni wọ́n sọ fún yín, Bàbá. Èmi ni mo sì pa irọ́ náà, níbi tí mo dúró sí yìí." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó fún un, láti orí pọ́ǹpù dé orí àpótí méjì, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gba ipò rẹ̀ nínú ìlà, kò bìkítà. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà ní "Háà!", ó sì gbé àgbàdo tirẹ̀ síwájú.

Ràódátù ló kù kẹ́yìn. Lábọ̀dé gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ro àgbàdo inú rẹ̀ wò.

"Ṣé kí n lọ̀ ọ́ kúnná ni àbí kó má kúnná jù?" Láti ọjọ́ tí Ràódátù kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, kò tíì bi í ní nǹkan kan rí.

"Kó kúnná, Ẹ̀gbọ́n."

Ó da àgbàdo náà sẹ́nu ẹ̀rọ.